Òùngbẹ Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ kẹtàlá ààwẹ̀ ni mo ká ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ ìdí omi. Ìrọ̀lẹ́ ni, ó ku bíi wákàtí kan kí a ṣínu. Ó lóṣòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ó ki ẹnu kẹ́tùlù àlùwàlá bọ ẹnu, ó ń mu omi náà láìsinmi. Nígbà tó rí mi, kò dáwọ́ dúró. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ká ní ó ju kẹ́tùlù sílẹ̀ tó sì sá ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi, ó sì ń mu ún lọ.

"O ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run," ni mo sọ fún un.

"Àǹtí, òùngbẹ ló ń gbẹ mí."

"Òùngbẹ ń gbẹ gbogbo wa. Kí lo rò pé ààwẹ̀ jẹ́?"

Mo ti tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀wò lọ́pọ̀ ìgbà. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀, bí ènìyàn bá gbé e sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí mo sọ ọ́ fún. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà ni. Mo rò pé mò ń tọ́ ọ ni. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ń ka èyí pé kì í ṣe ìkà ló wà lọ́kàn mi, àmọ́ mo mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn mi kò ṣe ọmọ náà ní àǹfààní kankan.

Agboolé wa wà ní Bẹ́yẹrúnkà, níbi tí ilé ti fara ti ilé débi pé ẹni tó bá sín ní yàrá kan, yàrá mẹ́ta ni wọn yóò ti kí i. Ẹbí mìíràn pọ̀ nínú agboolé náà, ṣùgbọ́n àwa tó wà nínú ilé tiwa nígbà náà kò pọ̀. Ìyá tó bí bàbá mi wà níbẹ̀, Àlàájà ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òkè Ọya, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba, ọmọ mẹ́ta ló sì bí, ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni àkọ́bí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kì í pe orúkọ mi, nítorí ó bá mi nílé. Akọ̀wé ló sọ mí, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé-ìwé girama nígbà tó wọlé.

Èmi ti gboyè jáde ní yunifásítì, mò ń retí ìwé tí wọn yóò fi pè mí lọ ṣe agùnbánirọ̀. Ẹni tó bá ń retí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò níṣẹ́, kò sì lè wáṣẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi nínú ilé ni ṣúgà Àlàájà. Ó ti pẹ́ tí Àlàájà ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ kékeré gún un lórí ìka, tí mo máa kán ẹ̀jẹ̀ sí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ẹ̀rọ yóò sì sọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé. Dókítà rẹ̀ ti ní kó má gbààwẹ̀ mọ́. Àlàájà dá a lóhùn pé dókítà kò ní bá òun dé inú sàréè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ nínú oṣù náà. Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí nọ́mbà yóò fi jáde. Ẹ̀rọ náà kì í pẹ́, síbẹ̀ mo máa ń rò pé àsìkò ìdúró yẹn ló gùn jù nínú ọjọ́ mi.

Nínú agboolé wa, ẹní méjì ni a máa ń tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣínu. Àwọn àgbà jókòó sórí ọ̀kan, àwọn ọmọdé sórí èkejì. Ọmọ tó bá gba ààwẹ̀ odidi ọjọ́ máa ń kúrò lórí ẹní ọmọdé, yóò bọ́ sórí ẹní àgbà, yóò sì bá wọn bu ẹ̀kọ nínú abọ́ kan náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá. Ó máa ń na ọrùn rẹ̀ sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ọrùn náà ti ń gùn sí i lójú wa, egungun èjìká rẹ̀ sì ti yọ. Àwọn àgbà ń yìn ín. Wọ́n ní ààwẹ̀ hàn lára rẹ̀, wọ́n ní bí aláàwẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, mo sọ ohun tí mo rí. N kò pariwo rẹ̀, etí ìyá rẹ̀ nìkan ni mo sọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sí etí tó dá wà ní Bẹ́yẹrúnkà. Kí a tó kí Ìṣáì, gbogbo ọmọ ilé ti gbọ́, wọ́n sì ti tò yí i ká.

"Ajẹsààrì-má-gbààwẹ̀!" ni wọ́n ń kọ. "Ó mu omi àlùwàlá o! Àlùwàlá ti dé inú rẹ̀, kó máa fi ikùn kírun!"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sórí ẹní ọmọdé, ó sì kọjú sí ògiri.

Ìyá rẹ̀ ní ẹjọ́ mìíràn tó fẹ́ rò. "Akọ̀wé mi, ẹ bá mi dá sí i," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Lóòórọ̀ ni mò ń sá ẹní. Omi tó ń mu ní sààrì ló fà á. Ó mu ife márùn-ún lánàá! Láti òní lọ, ife kan ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ife kan ṣoṣo ni a ń fún un ní sààrì. Èmi ni mo máa ń bu omi náà. Mo ń kọ èyí sílẹ̀ láìfi nǹkan kan kún un, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí lára mi báyìí, n kò mọ ibi tí màá ti dá a dúró.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó bì. Ó ní inú ń run òun. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé kẹ́míìsì kan ní ọ̀nà Bẹẹrẹ, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó ní ibà ni, tàífọ́ọ̀dù sì ti wọ̀ ọ́. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó ní ààwẹ̀ ti mú okun kúrò lára rẹ̀, kí a máa po gúlúkóòsì fún un kó lè lágbára. Bí a ṣe fi òpin sí ààwẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. A po gúlúkóòsì. Mo fi oyin sí i. Ó gbé ife náà mì lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n po òmíràn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti ń rí nǹkan mu.

Wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí yàrá Àlàájà kí ẹnì kan lè máa ṣọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ní òórùn kan, ó dà bí ọ̀pẹ òyìnbó tó ti fẹ́ kan. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n inú ààwẹ̀ la wà, ẹnu ta ni kò rùn? Àwọn àfáà sì máa ń rán wa létí pé òórùn ẹnu aláàwẹ̀ dùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run ju lọ́fínńdà mìsíkì lọ. Àlàájà tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó tẹ̀ ba ọmọ náà. Ó ní, "Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu ọmọ mi. Aláàwẹ̀ ni, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ o." Bóyá ló fi wà níbòmíràn tí wọ́n lè gbọ́ òórùn àìsàn kí wọ́n sì kà á sí ẹ̀san rere. Àwa ṣe bẹ́ẹ̀, inú wa sì dùn sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọlé lọ gún Àlàájà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ilé ìwòsàn tó ń lọ ti fún wa ní káàdì kan tó ní ìbéèrè. Kí a tó gún un, mo gbọ́dọ̀ bi í. Mo ti ń bi í fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n sórí bí ọmọ kéwú ṣe mọ Fátíhà, n kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń sọ mọ́.

"Àlàájà, ṣé òùngbẹ gbẹ yín lóru?"

"Rárá."

"Ó gbẹ èmi," ni ohùn kékeré kan sọ láti orí ẹní.

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo ń bá a lọ. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ dìde lọ tọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Àbí ẹ̀ẹ̀mejì."

"Èmi ò lè kà á," ni ọmọ náà wí.

"Dákẹ́, àgbà là ń bi," ni Àlàájà sọ fún un. "Ìyá àgbà kékeré."

"Ṣé ó ń rẹ̀ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

"Ó ń rẹ̀ mí, Àǹtí."

"Ṣé ẹ rù?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn nìyẹn. Àlàájà ń wo ọmọ náà, èmi náà sì yíjú sí i. Ó ti gbé apá rẹ̀ kan sókè láti fi hàn wá, bí ọmọ tó mọ ìdáhùn nínú kíláàsì. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè Màpó.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá Ọlọ́run ló fi hàn mí. N kò rí ìran kankan. Ojú ló tì mí lákọ̀ọ́kọ́. Ojú tì mí pé mo ti di ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ láìretí èsì. Lẹ́yìn ìtìjú ni ẹ̀rù dé, ẹ̀rù yìí kò sì dà bí àwọn ẹ̀rù mi ìyókù. Ó tutù, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo mú bébà tuntun jáde.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni Àlàájà bi mí.

"Mo fẹ́ wo tirẹ̀."

"Ṣé orí rẹ pé? Ìtọ̀ ṣúgà, ọmọdé? Èmi tí mo ti bí ọmọ méje kí ó tó mú mi! Àìsàn àgbà ni. Ó ti wà tipẹ́, ó mọ ilé ẹni tó ń wọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn wò ó."

"Wò ó. Màmá dókítà. Bí bébà yẹn bá tán nílẹ̀, ìwọ lo máa lọ rà á wá o."

Mo gún ọmọ náà. Kò ké. Ẹ̀rọ náà kò mú nọ́mbà jáde. Ó kọ lẹ́tà tó máa ń kọ nígbà tí ṣúgà bá ti ju ohun tó lè kà lọ. N kò rí i rí, inú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ni mo ti kà á. Mo sọ fún ara mi pé gúlúkóòsì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ó ti ń tọwọ́ bọ agolo rẹ̀ lá. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo mú ìka mìíràn. Bí mo ṣe ń dúró de ẹ̀rọ náà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe. Lẹ́tà kan náà ló tún kọ.

Àlàájà mú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

A wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, èmi àti ìyá ọmọ náà, ọmọ wà lórí itan wa. Ilé ìwòsàn tí a lọ tóbi, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin, kò lè fi ju ọdún mẹ́fà lọ dàgbà jù mí. Ó gbé imú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọmọ náà kó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ó ní kí ó tọ̀ sínú ife, ó ti bébà kan bọ inú ìtọ̀ náà, bébà náà sì yí àwọ̀ padà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n so omi mọ́ ọn lápá, wọ́n sì fi oògùn kan sí i díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ wo ṣúgà rẹ̀?" ló béèrè.

Mo ní èmi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nípa gúlúkóòsì, nípa oyin, nípa ife omi kan, nípa kẹ́tùlù. N kò lè dákẹ́. Mo rò pé ó yẹ kó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó bá mi wí, kí ó lè jẹ́ ìbáwí kan ṣoṣo.

Kò bá mi wí. Ó dúró títí mo fi sọ ọ́ tán, ó ní, "Bí ẹ bá fi di ọ̀la, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à bá máa sọ."

Ìyá ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dókítà, ṣé mo fún un ní ohun dídùn jù ni? Dàbínù ni o, ọ̀kọ̀ọ̀kan péré ló ń jẹ ní ìṣínu."

"Ohun tó jẹ kọ́, màmá. Ààwẹ̀ kọ́, ẹ̀yin náà sì kọ́." Ó ya àwòrán kan sẹ́yìn ìwé. Ó ní ẹran ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí wọ́n ń pè ní pánkíríásì, ibẹ̀ ni ara ti ń pèsè ínsúlíìnì, èyí tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ó ní Ọlọ́run fi àwọn sójà sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá àrùn jà. Ti ọmọ yìí, wọ́n ṣìnà, wọ́n dojú ìbọn kọ pánkíríásì rẹ̀. Bí ṣúgà kò ṣe rí ọ̀nà wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló kún sí, ìtọ̀ ló ń gbé e jáde, ìtọ̀ náà sì ń fa gbogbo omi ara lọ. "Òùngbẹ tó ń gbẹ ẹ́ nìyẹn. Ara rẹ̀ kò sì rí oúnjẹ jẹ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá ara rẹ̀. Ọ̀rá tó ń jó yẹn lẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa. A kò sọ fún un ohun tí a ti pe òórùn náà. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí.

Ó ní òun yóò fi ẹ̀jẹ̀ mìíràn ránṣẹ́ kí wọ́n lè wá ipa ẹsẹ̀ àwọn sójà náà nínú rẹ̀, kó lè dá wọn lójú pé irú ti ọmọdé ni, kì í ṣe irú ti àgbà. Yóò pẹ́ kí èsì tó dé. Ṣùgbọ́n a kò ní dúró dè é kí a tó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí èsì dé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, bó ṣe wí náà ló rí.

Ní ọjọ́ kẹta, Àlàájà wá. Ó gun àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀, ó ń mí, ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni mú un lọ́wọ́. Ọmọ ti lajú nígbà náà, ó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Àlàájà jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú páálí oògùn tirẹ̀ jáde. Dókítà dé bá a níbi tó ti fẹ́ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì.

"Àlàájà, kí nìyẹn?"

"Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni. Ààbọ̀ ni màá fún un, nítorí ọmọdé ni. Àìsàn kan náà kọ́ ló ń ṣe wá? Kí lẹ ń fi abẹ́rẹ́ lu ọmọ mi sí?"

"Ẹ̀yin, òṣìṣẹ́ tó ń pèsè ínsúlíìnì nínú ara yín ṣì wà nínú ilé, ó kàn ń tòògbé ni. Oògùn yín ń ta á jí. Tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ti kú. Bí ẹ bá fún un ní gbogbo páálí yẹn, kò sẹ́ni tó máa jí."

"Ta ló pa á?"

"Àwọn sójà ara rẹ̀."

Àlàájà ronú sí i. "Sójà," ló wí níkẹyìn. "Wọn ò tiẹ̀ ríṣẹ́ mìíràn ṣe." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Àlàájà kò rẹ́rìn-ín. "Títí di ìgbà wo ni wọn yóò máa gún un?"

"Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, àárín ọjọ́ mélòó kan ni, yóò tún padà sí bí ẹ ṣe gbé e wá. Ó lè má dúró de ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Àlàájà ká páálí náà padà sínú ìró. Ó fọwọ́ kan orí ọmọ náà, ó sì dìde lọ.

A padà wálé nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti kọ́ ìyá rẹ̀ bí a ṣe ń gún un, wọ́n sì ti kọ́ èmi náà. Wọ́n tẹnu mọ́ ohun kan fún wa títí ó fi wọ̀ wá létí: bí a bá ti gún un tán, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Ínsúlíìnì kì í dúró de oúnjẹ. Bí kò bá rí ṣúgà tuntun, yóò gbá èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ lọ, ọmọ lè dákú, ó sì lè má jí.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ gún un, ó sì lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀ nítorí ó ti pẹ́ tó ti tì í pa. "Akọ̀wé mi, ẹ̀kọ rẹ̀ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ wà lórí tábìlì," ló wí. Mo gbé e fún ọmọ náà ní yàrá mi. Ó ti abọ́ náà padà.

"Màá jẹ ẹ́ ní ìṣínu."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo ṣàlàyé fún un. Mo tún ṣàlàyé. Mo sọ nípa dókítà, nípa ilẹ̀kùn, nípa ínsúlíìnì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo lè gbọ́ àwọn ọmọ ilé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sọ ẹni tó gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò gbà á.

"Màá ti ilẹ̀kùn," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó máa rí ọ."

"Wọ́n á mọ̀. Wọ́n máa ń gbọ́ ìró ṣíbí."

Mo wo aago. Òógùn ti ń yọ sí i níwájú orí, bẹ́ẹ̀ sì rèé yàrá náà kò móoru. Ó na ọwọ́ rẹ̀ láti nù ún, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n. Mo gún un lórí ìka. Nọ́mbà náà ti wálẹ̀. Mo po ṣúgà sínú omi, mo gbé e sí ẹnu rẹ̀, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ sì dà sí wa lára.

Èmi náà kò gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wà nínú nǹkan oṣù mi. Lágboolé wa, obìnrin tó bá wà nínú rẹ̀ kì í gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹun níta. Inú yàrá la ti ń jẹ ẹ́, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi abọ́ pamọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn ọkùnrin ilé mọ̀, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ìyá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bàlágà, n kò sì rú u rí. Abọ́ tèmi wà lábẹ́ ibùsùn, mo fi ọmọrí bò ó.

Mo gbé e. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó sórí ẹní àgbà tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ṣí ọmọrí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ó ṣòro fún mi láti sọ bó ṣe rí. Mo rò pé gbogbo òrùlé Bẹ́yẹrúnkà ló ń wò mí. Ọ̀ọ̀lẹ̀ náà kò ní adùn kankan lẹ́nu mi, mo kàn ń gbé e mì. Ohun tó tì mí lójú jù ni pé gbogbo ẹni tó bá rí mi yóò mọ ìdí rẹ̀, ohun tí mo ti ń fi pamọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ilé kọjá, ó rí mi, ó wúkọ́, ó gbé ojú sí àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ ilé pariwo. "Háà! Àǹtí ń jẹun o! Ajẹsààrì-má-gbààwẹ̀!"

"Èmi náà nìyẹn," ni mo wí. "Ẹ kọ ọ́ kó dùn dáadáa. Ohùn yín ò jọra."

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbìyànjú láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kò dún dáadáa mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà nípa ẹni tó bà á jẹ́. Àlàájà yọjú láti ẹnu yàrá rẹ̀. Ó wò mí, ó wo abọ́. Mo dúró de ohun tó fẹ́ sọ.

"Sún díẹ̀," ló wí, "kí ọmọ lè rí ibi jókòó."

Mo wẹ̀yìn. Ọmọ náà ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di férémù mú, abọ́ tirẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì, ẹ̀kọ inú rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Mo na ọwọ́ gbà á kó tó jábọ́. Ó jókòó tì mí. Mo fi ẹ̀kọ àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu, mo fún un ní omi ṣúgà mu, lẹ́yìn náà ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

A jẹun. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gún un lẹ́ẹ̀kan sí i níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, àwọn ọmọ sì sún mọ́ wa láti wo ẹ̀jẹ̀. Nọ́mbà ti gòkè padà, kò sì gòkè jù. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

"Àǹtí, ọ̀ọ̀lẹ̀ yìí ò tó mi," ló wí.

Mo wo ìwé tí dókítà kọ fún wa. Ẹyọ kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo gé èyí tó kù nínú tèmi sí méjì, mo fún un ní ìdajì, mo sì kọ ìdajì náà sínú ìwé rẹ̀.